Pẹ́dàlì tí kò gbéra padà: àkọsílẹ̀ ìjàǹbá abẹ́rẹ́ kan ní Kubwa

Ìjàǹbá yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé aránṣọ kan ní Kubwa, l'Abuja, lásìkò ọyẹ́. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún ọmọ iṣẹ́ kan níka, ó sì kán sí i nínú. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní ọmọ náà kò fara balẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tú pẹ́dàlì máṣíìnì náà wò ni ọ̀rọ̀ tó yí padà. Irú máṣíìnì yìí, pẹ̀lú irú pẹ́dàlì yìí, wọ́pọ̀ nínú ilé àwọn aránṣọ láti Nyanya títí dé Lugbe, ìdí nìyẹn tí a fi tò ó lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe lọ.

Ìyá tó ni máṣíìnì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ọ̀sán, ó ń ránṣọ ní ìrọ̀lẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Aṣọ ẹbí làwọn oníbàárà rẹ̀ sábà máa ń gbé wá: léèsì, àǹkárá, àti aṣọ òkè fún ìyàwó àti ọkọ ìyàwó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ti pé ọmọ ọdún 18 ń bá a gbé, ó sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí ló ń pè é.

Máṣíìnì náà ni olórí dúdú tí gbogbo wa mọ̀, tó jókòó sórí tábìlì onígi, tó ní irin títẹ̀ nísàlẹ̀ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, wọ́n ra mọ́tọ̀ iná kékeré kan, wọ́n ní kí alátùn-únṣe bá wọn so ó mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì. Ó yọ bẹ́líìtì aláwọ gígùn tó lọ sísàlẹ̀, ó fi rọ́bà kúkurú dípò, ó sì gbé pẹ́dàlì iná sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í parí lọ́jọ́ kan.

Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń lo irú mọ́tọ̀ yìí kì í kíyè sí ni pé kò ní súwíìṣì tirẹ̀. Wáyà kan ti ara púlọ́ọ̀gì wọ pẹ́dàlì, ó gba ibẹ̀ lọ sí mọ́tọ̀. Bí púlọ́ọ̀gì bá ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ́dàlì nìkan ló ń dá iná 230V dúró kí ó má dé ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀. Nínú ilé yìí, púlọ́ọ̀gì náà kò sí lára ògiri. Ó wà lára ẹ́síténṣọ̀n kan lábẹ́ tábìlì, níbi tí fáànù, gílóòbù àti ṣájà fóònù jọ ń pín ihò. Ẹni tó bá fẹ́ pa máṣíìnì ní láti tẹ̀ba kí ó máa wá wáyà èwo ni ti èwo. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń pa á. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń ki í bọ ihò, òru ni wọ́n máa ń fà á yọ.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ pariwo

Kí ìjàǹbá tó dé ni abẹ́rẹ́ ti ń kán. Aṣọ òkè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ etí aṣọ òkè po lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ojú ìránpọ̀ ti kọjá, ó lè tó ìpele mẹ́fà lábẹ́ abẹ́rẹ́, a ò tíì ka gọ́ọ̀mù sìtéè, aṣọ líle onígọ́ọ̀mù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó wà lára máṣíìnì ni 75/11, èyí tí wọ́n fi rán léèsì lọ́sẹ̀ tó kọjá. 75 yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀pá abẹ́rẹ́ náà kò nípọn ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mílímítà lọ. Ọ̀pá tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ bó bá wọ aṣọ tó ki. Bó bá tẹ̀, ẹnu rẹ̀ á ṣìnà ihò irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀, á lu irin, á sì kán. Ọmọ náà tún ń fi ọwọ́ fa aṣọ láti ẹ̀yìn kí ó lè tètè kọjá, èyí tó ń tẹ abẹ́rẹ́ sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kán fò, ó bà á lábẹ́ ojú, ó bẹ́ ẹ lára díẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ pé kò wọ ẹyinjú, wọ́n sì ń báṣẹ́ lọ.

Ìyá náà kọ́kọ́ ra abẹ́rẹ́ tó nípọn jù lọ lọ́jà, 110/18. Kíkán rọlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà sórí léèsì, wọ́n gbàgbé láti pààrọ̀ rẹ̀, ihò rẹpẹtẹ sì tò sí àyà aṣọ oníbàárà. Ìyẹn ló mú kí wọ́n pe alátùn-únṣe.

Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe lórí abẹ́rẹ́ dára, ó yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi èékánná yí etí ihò irin pẹlẹbẹ náà ká, èékánná kọ́: àwọn abẹ́rẹ́ tó ti kán ti họ etí ihò náà, ó sì ti hu eyín. Ó pààrọ̀ irin náà. Ó fi ọwọ́ yí wíìlì díẹ̀díẹ̀ láti wo ìgbà tí ìkọ́ bọ́bìnì, irin ìsàlẹ̀ tó ń gbá òwú abẹ́rẹ́ mú, ń pàdé abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá tó sì ti gbéra sókè tó bíi mílímítà 2, ẹnu ìkọ́ ní láti kọjá lẹ́bàá rẹ̀, lókè ojú abẹ́rẹ́ díẹ̀. Ó bá a bẹ́ẹ̀. Ó fi 100/16 sílẹ̀ fún aṣọ òkè, 90/14 fún àǹkárá, 75/11 fún léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fi hàn wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ ní ìdí abẹ́rẹ́ ní láti kọjú sí ibi tí ìkọ́ ń gbà kọjá, pé kí wọ́n tì í sókè títí kó fi kan òpin kí wọ́n tó dè é, pé kí wọ́n má rán aṣọ gba orí píìnì, àti pé níbi tó bá ki, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí wọ́n máa fi ọwọ́ yí wíìlì sọ́dọ̀ ara wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́rẹ́ ò kán mọ́. Gbogbo ilé gbà pé wàhálà ti tán.

Àmọ́ kí ọkùnrin náà tó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ọmọ náà sọ fún un pé máṣíìnì máa ń kùn nígbà tí òun ò tẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn pé bí mọ́tọ̀ olówó pọ́ọ́kú ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lójú tiwa, ibí ni iṣẹ́ ti yẹ kó dúró. Mọ́tọ̀ tó ń kùn láìyí, iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó lè mú un kùn. Bí iná bá sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí pẹ́dàlì, a jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó dá iná dúró ti ń jò.

Alẹ́ ọjọ́ náà

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù. Ọmọ náà ń ṣẹ́ etí búbá léèsì kan tó gùn, ó ti wà lórí pẹ́dàlì fún ìgbà pípẹ́, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ nítorí pé òkúta wà lára léèsì náà. Òwú já. Bó ṣe ń dúró ni wọ́n mú iná lọ.

Ó rò pé kí òun tó jókòó lásán, kí òun fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó tan iná fóònù, ó fi eyín di fóònù mú, ó gbé irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú òwú, ó na ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ọwọ́ òsì sábẹ́ abẹ́rẹ́ kí ó lè gba òwú náà lódì kejì. Àwọn ọmọdé kígbe "Ọ́p Nẹ́pà!" níta. Kí igbe náà tó parí, abẹ́rẹ́ ti gba orí èékánná wọlé. Ó fa ọwọ́ yọ pẹ̀lú agbára, abẹ́rẹ́ kán.

Máṣíìnì kò dúró. Ọmọ ti fò dìde, àga ti ṣubú, kùkùté abẹ́rẹ́ tó kù ṣì ń lọ sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá náà ló sáré fa ẹ́síténṣọ̀n yọ lára ògiri. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Aládùúgbò kan gbé ẹ̀mú dé, òmíràn gbé kẹrosíìnì. Ìyá náà kọ̀ fún àwọn méjèèjì, ọgbọ́n sì ni. Irin tó kán sínú ìka, ẹ̀mú tó ń wá a kiri lè tì í wọlé sí i, ó sì lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Kẹrosíìnì kì í wo nǹkan kan sàn nínú ọgbẹ́, ńṣe ló ń jó ẹran ara. Ó fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ ìta ìka náà, ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó wú, ó fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e, ó ní kí ó gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ, wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ó ṣe ohun kan sí i tí kì í sábà wá sí èèyàn lọ́kàn lásìkò ìdààmú. Ó ṣa àwọn ẹ̀là abẹ́rẹ́ tó rí lórí máṣíìnì, ó dì wọ́n sínú bébà, ó mú abẹ́rẹ́ tuntun kan irú rẹ̀ dání. Dókítà tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ìdí wà, ọ̀pá wà, ojú wà. Ẹnu rẹ̀ tó gùn tó mílímítà mélòó kan ni kò sí. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé ó ṣì wà nínú ìka, kí wọ́n tó ya ẹ́síréè. Irin máa ń hàn kedere nínú ẹ́síréè, ó sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun. Wọ́n fi oògùn pa ìka náà kú kí ó má baà mọ ìrora, wọ́n yọ irin náà, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tó gbà á kẹ́yìn, wọ́n sì ní kó tètè padà wá bí ó bá rí wíwú, ọyún tàbí ooru tó ń gòkè lọ́wọ́.

Bí abẹ́rẹ́ kò bá kán tó sì kan ìka mọ́ máṣíìnì, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀. Kí ẹlòmíràn pa iná kọ́kọ́. Kí ẹni tó gún má fa ọwọ́ rárá. Kí wọ́n rọra fi ọwọ́ yí wíìlì títí abẹ́rẹ́ á fi gòkè jáde tààrà. Bí kò bá jáde, kí wọ́n tú sukúrù tó di ìdí abẹ́rẹ́ mú, kí ọ̀pá máṣíìnì gòkè kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú ìka, kí wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀bi ta ni?

Òfin tuntun dé ilé: bí iná bá lọ, ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀." Wọ́n ò bá a jiyàn, wọn ò sì gbà á gbọ́. Ìyá náà kó aṣọ bo pẹ́dàlì nígbà tí wọn ò bá lò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ó tún ra wáyà kékeré tí wọ́n ń fi dí iwájú abẹ́rẹ́ kí ìka má bàa wọbẹ̀. Nǹkan tó wúlò ni fún ẹni tó ń tì aṣọ lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Àmọ́ kò lè gba ẹni tó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ máa ń gbà. Ó tún ń dí ojú òkúta léèsì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́.

Alátùn-únṣe kejì tí wọ́n pè kí ọmọ tó padà sórí iṣẹ́ jẹ́ àgbàlagbà. Kò tíì fọwọ́ kan máṣíìnì tó fi béèrè pé: "Nígbà tó gún un, ṣé máṣíìnì dúró?"

"Kò dúró o, Bàbá. Èmi ni mo fa wáyà yọ."

"Ẹsẹ̀ ta ló wá wà lórí pẹ́dàlì nígbà yẹn, Màdáámù?"

Láti ibẹ̀ ni ó ti kúrò lórí abẹ́rẹ́ tó wá sórí pẹ́dàlì. Ó fa púlọ́ọ̀gì yọ, ó yọ abẹ́rẹ́, ó yọ bẹ́líìtì rọ́bà kí mọ́tọ̀ lè yí láìfa nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ tẹ pẹ́dàlì lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń gbéra padà dáadáa. Ẹlòmíràn ì bá ní kò sí nǹkan. Ó béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń pẹ́ tó lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní bó bá jẹ́ etí aṣọ gígùn, ó máa ń tó ìdajì wákàtí. Ó wá ki púlọ́ọ̀gì bọ ihò, ó ń rọra tẹ pẹ́dàlì bí ẹni ń rán léèsì olókùúta, títí ẹ̀yìn pẹ́dàlì fi gbóná lábẹ́ ọwọ́. Ó fa púlọ́ọ̀gì, ó tẹ pẹ́dàlì, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gòkè, ẹ̀gbẹ́ òsì dúró nísàlẹ̀. Kò pọ̀, ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn kò ní rí i. Ó tún ki púlọ́ọ̀gì bọ ihò láìfi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kàn án. Mọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ọmọ náà wá sọ ohun tí kò tíì sọ rí: ó ti pẹ́ tó ti máa ń ta pẹ́dàlì náà nípàá bí máṣíìnì bá kọ̀ láti dúró. Ó máa ń gbọ́ ọ, á ta á nípàá, á dúró. Nígbà tí iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ohun tó máa gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, pẹ́dàlì kò gbéra padà, ilé dákẹ́. Ìgbà tí iná dé ni máṣíìnì tó parí ìṣísẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ kí iná tó lọ.

Ohun tó wà nínú pẹ́dàlì

Pẹ́dàlì irú yìí ń dín eré mọ́tọ̀ kù nípa sísọ apá kan iná di ooru nínú ara rẹ̀. Nítorí náà, ìránṣọ díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ló ń mú un gbóná jù, ju eré sísá lọ. Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé ẹni tó ń rọra rán ló ń tọ́jú máṣíìnì.

Lẹ́yìn tó ti yọ púlọ́ọ̀gì, Bàbá tú sukúrù mẹ́rin tó wà nídìí rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ló kún inú, pupa, ó ti pò mọ́ èéhù léèsì àti òróró máṣíìnì tó ń kán sílẹ̀ láti òkè, ó ti nípọn yí apá oníke tó ń gbéra ká. Apá oníke náà ti wọ́ nítorí ooru. Bó bá tutù, àyè wà fún un láti gòkè. Bó bá gbóná, á fẹ̀ díẹ̀, á há mọ́ ẹ̀gbẹ́, sípíríngì tó ti rẹ̀ kò sì lágbára mọ́ láti gbé e. Aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó kò ràn án lọ́wọ́, ṣe ló ń sé ooru mọ́ ọn nínú bí wọ́n bá ti tètè bò ó, tó tún ń fi èéhù kún èéhù.

Ọ̀rọ̀ kíkùn yẹn wá láti ibòmíràn. Kàpásítọ̀ kékeré kan wà láàrin ojú méjì tí iná ti ń pàdé, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ìta pàpà iná mì kí ó má dààmú rédíò. Ara rẹ̀ ti là. Kàpásítọ̀ tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ lè máa jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹsẹ̀ ò tilẹ̀ sí lórí pẹ́dàlì. Lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ tán, ó lè jẹ́ kí máṣíìnì gbéra pẹ̀lú gbogbo eré rẹ̀. Àlébù méjì ló wà nínú àpótí kan, ọ̀kan ló tíì ṣe jàǹbá.

Bàbá kò dá ẹjọ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Ó ní pẹ́dàlì yẹn ì bá ṣe ohun tó ṣe lọ́nàkọnà. A gbà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ a ó fi kún un pé máṣíìnì tí kò dúró lẹ́yìn tí ọmọ ti fò dìde ti jẹ́rìí gbe ọmọ náà.

Bí wọ́n ṣe tún un tò

Wọ́n pààrọ̀ pẹ́dàlì, wọn ò tún un ṣe. Ike tó ti wọ́ kì í padà sí bó ṣe wà, bí a fọ̀ ọ́ títí. Kí wọ́n tó ra tuntun, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tọ̀: 220–240V, 50Hz, 150W. Mọ́tọ̀ 150W lórí iná 230V kò ju nǹkan bí 0.65A lọ, nítorí náà pẹ́dàlì tí wọ́n kọ iye tó kéré sí ìyẹn sí lára kò yẹ ẹ́, fíúsì 3A nínú púlọ́ọ̀gì sì tó o gan-an. Fíúsì 13A tó bá púlọ́ọ̀gì wá láti ọjà kò ní já nígbà tí wáyà bá ń jóná. Ẹni tó bá ní máṣíìnì tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ 110 tàbí 120V sí, kò gbọdọ̀ yá pẹ́dàlì tàbí mọ́tọ̀ rẹ̀ fún irú èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí iná ti ń wọlé. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣòfin pé kí wọ́n máa fa púlọ́ọ̀gì yọ nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Kò pẹ́ kí òfin náà tó kú. Níbi tí iná ti lè lọ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó ṣú tán, kò sẹ́ni tí yóò máa tẹ̀ba bẹ́ẹ̀, ihò ẹ́síténṣọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, ó ń ta pàpà. Wọ́n wá sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní súwíìṣì wà, ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó jókòó, tí kò ní láti dìde tàbí tẹ̀ba. Máṣíìnì nìkan ló ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Gílóòbù àti fáànù dúró lórí ẹ́síténṣọ̀n, kí pípa máṣíìnì má baà sọ ilé di òkùnkùn. Ẹni tí pípa máṣíìnì bá ń kó sókùnkùn kò ní í pa á. Wọ́n gbé iná tó ń gba ṣájì sórí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má tún fi eyín di fóònù mú.

Báyìí, bí iná bá lọ, súwíìṣì ni ọwọ́ ọ̀tún kọ́kọ́ ń lọ bá, kó tó wá fóònù. Kí ìka tó lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ rárá, ìbáà ṣe ọ̀sán, wọ́n ń pa súwíìṣì, wọ́n sì ń tú irin róbótó tó wà láàrin wíìlì, èyí tí a máa ń tú nígbà tí a bá ń ká òwú sí bọ́bìnì. Bí irin yẹn bá ti dẹ̀, mọ́tọ̀ lè máa yí títí ilẹ̀ á fi mọ́, wíìlì nìkan ló máa yí, abẹ́rẹ́ á dúró síbi tó wà. Ìgbésẹ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, kò sì náni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ àwọn aránṣọ tó mọ̀ ọ́n fún bọ́bìnì nìkan ni wọ́n pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà máa ń gbàgbé láti dè é padà, á ní máṣíìnì kọ̀ láti rán. Ìgbàgbé tó dára nìyẹn.

Pẹ́dàlì tuntun kúrò níbi tí òróró ti ń kán, ó jókòó sórí pákó kékeré. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń yọ púlọ́ọ̀gì, tí wọ́n ń dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá etí rẹ̀. Lásìkò òjò, oṣooṣù. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbóná débi tí ẹ̀yìn ọwọ́ ò lè dúró lé e, iṣẹ́ dúró kó fi tutù. Lálẹ́ wọ́n ń gbé e sórí tábìlì, nítorí àwọn ọmọdé.

Èyí tí a fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú iná rárá. Bẹ́líìtì aláwọ àtijọ́ ṣì wà nínú dúróà. Bàbá gé e kúrú díẹ̀, ó fi í padà sórí wíìlì ìsàlẹ̀, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bọ́ rọ́bà kúrò kí wọ́n tó fi awọ sí i. Lálẹ́ tí iná bá ń ṣe ségesège, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi wà á. Ìyá náà kọ́kọ́ ráhùn pé ó ń fà. Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹsẹ̀ dára fún aṣọ òkè ju mọ́tọ̀ lọ, torí níbi tó ki, èèyàn lè gún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó dúró láàrin. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lè gún èèyàn níka o, ṣùgbọ́n kì í gbéra fúnra rẹ̀.

Fún ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe àti ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́

Alátùn-únṣe tí wọ́n bá pè nítorí abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ parí sídìí abẹ́rẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló tó: ṣé ó máa ń kùn bí ẹsẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ṣé ẹ máa ń ta pẹ́dàlì nípàá, ṣé ó máa ń dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀? Kí ó sì dán pẹ́dàlì wò nígbà tó bá gbóná. Èyí tó tutù kì í sọ òtítọ́. Bí ó bá tú u, kí ó má fi sẹ́lótéèpù so wáyà tó já nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni 230V wà, lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà.

Ọ̀gá ní láti bi ọmọ iṣẹ́ léèrè níkọ̀kọ̀ pé ọgbọ́n wo ló máa ń dá sí máṣíìnì kí ó tó gbọ́ràn. Ọmọ tó ń ta pẹ́dàlì nípàá ti mọ àlébù náà ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni. Kò sọ ọ́ nítorí pé máṣíìnì Àǹtí ni, àti nítorí pé ìgbà kan ṣoṣo tó fẹnu kan kíkùn rẹ̀, àgbà kan ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ní àwọn ilé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń wọ híjáàbù tàbí tí wọ́n ń fi ìborùn kọ́rùn, kí ọ̀gá tún wo bẹ́líìtì rọ́bà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ó rí i pé etí aṣọ wà ní títì bọ inú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti pẹ́dàlì àtijọ́, ìyá náà fẹ́ fi í tọrẹ fún aránṣọ kan lójúlé kejì, kí ó máa fi mú sùúrù. Bàbá kò gbà. Ó gé wáyà rẹ̀ mọ́ ìdí, ó fi òòlù fọ́ ike rẹ̀, nítorí pẹ́dàlì tó bá ṣì ní wáyà lára máa ń padà dé ọjà. Sukúrù mẹ́rin ìdí rẹ̀ nìkan ló kó sápò.